Ta Ló Ra Páànù Orí Ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ipò Obìnrin Nínú Ìjọ

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti ti àwọn agbowó-orí la gbé sí ojú ewé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tó fara pẹ́ owó, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe owó nìkan, la fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run ni. A mọ̀ pé àwọn Àlájà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, wọ́n lè ní kí ló kan àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò sì sí ilé ẹ̀sìn tí obìnrin kò sí.

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan ní ìlà àwọn elélùbọ́ ló bi wá. Ó ní àwọn ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò àwọn, wọ́n sì ní kí oníkálukú dá owó. Òun dá owó àádọ́ta àpò símẹ́ńtì, kò sì sí ẹni tó dá tó o nínú ìjọ náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tó wá di pé wọ́n fẹ́ yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa náwó náà, ọkùnrin méje ni wọ́n yàn. Òun dìde pé kí wọ́n fi obìnrin kan sí i, ó kéré tán. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ ní kí òun jókòó, pé Pọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ tán, obìnrin kì í sọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Ìyá yìí wá ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ṣé Ọlọ́run kì í fẹ́ gbọ́ ohùn wa ni, àbí owó wa nìkan ló ń gbọ́?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ mọ̀ pé ìwé tá a kà kò kọjá pámárì, a ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn alùfáà. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá wà nílé, ojú la sì fi ń kà á. Ohun tá a rí níbẹ̀, àti ohun tá a mọ̀ nípa ìtàn ìjọ nílẹ̀ wa, la fẹ́ tò sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń pàtẹ. Kí kálukú wá yẹ̀ ẹ́ wò.

ỌLỌ́JÀ ẸLẸGBẸ́ WA

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ wa. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹrìndínlógún. Lídíà lorúkọ rẹ̀. Ará ìlú Tíátírà ni, ṣùgbọ́n ìlú Fílípì ní Makedóníà ni Pọ́ọ̀lù ti bá a pàdé. Aṣọ elésè àlùkò ló ń tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta léèsì àti dàmáàsìkì, ẹ mọ ohun tá à ń sọ. Aró tí wọ́n fi ń pa irú aṣọ yẹn láyé ọjọ́un wọ́n bí ojú, àwọn ọba àti àwọn ọlọ́rọ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń fi igbá kiri. Ẹni tó bá ń tà á, olówó ni, ó mọ èèyàn, ó mọ ọ̀nà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn lọ sí ẹ̀bá odò kan lẹ́yìn odi ìlú. Àwọn obìnrin ni wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà. Ẹ gbọ́ ná: obìnrin ni wọ́n bá. Wọn ò wá sọ pé àwọn yóò dúró kí ọkùnrin tó dé kí àwọn tó ṣí Ìwé. Wọ́n jókòó, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, Ọlọ́run sì ṣí Lídíà lọ́kàn. Òun àti gbogbo ará ilé rẹ̀ ṣe ìrìbọmi. Ó wá sọ fún Pọ́ọ̀lù pé bí wọ́n bá gbà pé òun jẹ́ olóòótọ́ sí Olúwa, kí wọ́n wá wọ̀ sílé òun. Ó sì rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Ta ni yóò bá ọlọ́jà ná ọ̀rọ̀ tí yóò borí?

Nígbà tí wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà, tí wọ́n sọ wọ́n sẹ́wọ̀n, tí wọ́n sì wá tú wọn sílẹ̀, ilé obìnrin yìí ni wọ́n lọ tààrà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn arákùnrin, tí wọ́n sì gbà wọ́n níyànjú. Ilé ta ni ìjọ Fílípì ń péjọ sí nígbà náà? Ilé ọlọ́jà ni. Makedóníà yìí sì wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilẹ̀ àwọn òyìnbó tó wá gbé ìhìnrere fún wa níkẹyìn. Nínú ìrìn àjò yẹn, Lídíà ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé náà dárúkọ pé ó gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù gbọ́ níbẹ̀. Ká ní ìlà àwọn aláṣọ mọ èyí dáadáa ni, wọn ì bá ti máa ṣe ọdún rẹ̀.

Ìjọ Fílípì kan náà ni Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí lẹ́yìn náà, tó sì dárúkọ obìnrin méjì, Eódíà àti Síńtíkè, pé kí wọ́n parí ìjà àárín wọn. Obìnrin méjì ń bínú síra wọn, a ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò mú kí Pọ́ọ̀lù gbàgbé iṣẹ́ wọn. Ó sọ ọ́ níbẹ̀ pé àwọn méjèèjì bá òun jìjàkadì nínú iṣẹ́ ìhìnrere. Kò sọ pé wọ́n bá òun se ọbẹ̀.

Ká má fi ọ̀rọ̀ pa ọ̀rọ̀, Pọ́ọ̀lù náà ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mú ìyá elélùbọ́ jókòó. Ó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹrìnlá, ó tún wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí Tímótì, orí kejì. A kò lè yọ ọ́ kúrò nínú Ìwé, a kò sì ní ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Ohun tá a kàn ń bèèrè ni pé, kí ló dé tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹrìnlá, tí wọn kì í ka orí kọkànlá? Ní orí kọkànlá lẹ́tà kan náà, Pọ́ọ̀lù ń sọ bí obìnrin tó bá ń gbàdúrà tàbí tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ borí. Ẹni tó ń dákẹ́, ṣé ó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ni? Àwọn obìnrin ìjọ náà ń sọ̀rọ̀, Pọ́ọ̀lù mọ̀, gèlè ló ń bá wọn sọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó wù kó ní lọ́kàn ní orí kẹrìnlá, kò lè jẹ́ pé kí obìnrin má ya ẹnu rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀wé gbà pé ariwo àti ìbéèrè tó ń da ìsìn rú ní Kọ́ríńtì ló ń pa lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jà á títí dòní.

Ẹ tún wo Pírísílà àti ọkọ rẹ̀, Ákúílà. Àgọ́ ni wọ́n ń pa tà, oníṣòwò ni àwọn náà. Nígbà tí ọkùnrin ọlọ́rọ̀ dídùn kan tó ń jẹ́ Àpólò dé, tó ń wàásù ohun tí kò tíì mọ̀ délẹ̀, tọkọtaya yìí ló pè é sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa. Obìnrin kọ́ oníwàásù lẹ́kọ̀ọ́, oníwàásù sì gbà. Ẹ wo Fébè náà, ará Kẹnkíríà, èbúté ọkọ̀ ojú omi tó wà nítòsí Kọ́ríńtì. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé kí wọ́n gbà á dáadáa, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ nínú ohunkóhun tó bá fẹ́, nítorí ó ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, títí kan òun Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀.

Ti Jésù Olúwa kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀. Lúùkù orí kẹjọ sọ fún wa pé nígbà tó ń rìn kiri pẹ̀lú àwọn méjìlá, àwọn obìnrin kan wà pẹ̀lú wọn, Màríà Magidalénì, Jòánà ìyàwó Kúsà tó jẹ́ ìríjú Hẹ́rọ́dù, Sùsánà àti àwọn mìíràn, tó jẹ́ pé ohun ìní tiwọn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìrìn àjò náà. Owó obìnrin ló ń bọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run láti ìgbà yẹn! Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Jésù kò gba owó wọn tán kó ní kí wọ́n padà sẹ́yìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ àjíǹde, àwọn obìnrin tó fi owó ara wọn ra òórùn dídùn láti fi kun òkú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ibojì. Màríà Magidalénì ló kọ́kọ́ rí i, òun ló sì rán pé kó lọ sọ fún àwọn arákùnrin. Ìwàásù àjíǹde àkọ́kọ́ láyé, ẹnu obìnrin ló ti jáde, àwọn ọkùnrin tó gbọ́ ọ sì kọ́kọ́ kà á sí ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ.

NÍLẸ̀ WA ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò ní Bíbélì lẹ ń sọ yẹn, àṣà ilẹ̀ Yorùbá yàtọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Gbogbo wa la mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àfàlá. Ogun ló ya wọ́n nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú lọ, ó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní oṣù February 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá yìí, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Ẹ ò rí i pé nígbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìyá àgbà ti wà níbẹ̀.

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní influenza jà kárí ayé, ó dé ilẹ̀ wa, ó pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ́mọbìnrin tíṣà kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀, pé kí àwọn èèyàn gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò. Ó bọ́ sí ẹgbẹ́ àdúrà tí àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde dá sílẹ̀ pẹ̀lú Joseph Ṣádárè. Láti inú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ni odò kan ti ṣàn tó wá dara pọ̀ mọ́ ìsọjí Wòlíì Babalọlá ní Iléṣà ní 1930, tó sì wá di ìjọ tí a mọ̀ lónìí sí Christ Apostolic Church. Ẹ bi àwọn ọmọ C.A.C. tó wà ní ìsọ̀ yín bóyá wọ́n mọ orúkọ Sophia. Orúkọ Babalọlá kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọbìnrin yẹn náà yẹ kó wà lẹ́nu.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní oṣù June 1925, àwọn ìjọ Àgùdà ń ṣe ọdún Corpus Christi l'Ékòó, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lójú títì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì lọ wòran. Ọmọge kan wà níbẹ̀, Christianah Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, ó rí áńgẹ́lì kan, áńgẹ́lì yìí sì tẹ̀ lé e délé. Ó bọ́ sójú ìran, kò jí bọ̀rọ̀, ọkàn àwọn ará ilé kò sì balẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé, èèyàn Ọlọ́run láti Ìkàrẹ́, tí ẹsẹ̀ ń dùn tí àdúrà sì ń gbà. Ó wá, ó gbàdúrà, ọmọbìnrin náà jí, ó sì ń sọ ohun tó rí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Bí Ẹgbẹ́ Séráfù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n wá ń pè ní Kérúbù àti Séráfù. Bàbá kan àti ọmọge kan. Àwọn méjèèjì ni.

Ọmọge yìí kò jókòó s'Ékòó. Captain Àbíọ́dún ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀gá ológun. Láàárín ọdún mélòó kan, òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti ń gbé ìhìnrere kiri àwọn ìlú òkè, bí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wọ́n ń wàásù ní gbangba, wọ́n ń pe àwọn èèyàn kúrò nídìí òrìṣà. Ẹ rò ó wò. Láyé ọjọ́un, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ó dúró ní gbàgede níwájú àwọn ọba àti ìjòyè, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́. Ní 1929, òun àti Bàbá Orímọládé pínyà, kálukú sì mú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Orímọládé kú ní 1933. Captain Àbíọ́dún ṣe ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, ó fẹ́ ọkọ, ó di Ìyá Àgbà, 1994 ló tó sùn. Ọ̀pọ̀ wa ló lè rántí ìgbà tó wà láyé.

Ibi tó ń dùn wá wá nìyí. Ẹ lọ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìjọ tó jáde láti inú iṣẹ́ ọmọge yẹn lónìí. Obìnrin kò gbọdọ̀ gun orí pẹpẹ níbẹ̀. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, kò gbọdọ̀ wọlé ìsìn rárá, ìta ni yóò dúró. Ilé tí obìnrin bá wọn kọ́, obìnrin ń yọjú láti ojú fèrèsé. A kò sọ èyí láti fi bú ìjọ kankan o, nítorí àwọn kan náà fún obìnrin ní oyè gidi, Ìyá Àdúrà wà, Wòlíì obìnrin wà, a sì mọ̀ wọ́n, àdúrà wọn ti gbà fún ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ìbéèrè ń jẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà, kí ojú má tì wá. Wọ́n mú un láti inú òfin Mósè nínú ìwé Léfítíkù. Ṣùgbọ́n nínú òfin Mósè kan náà, wọ́n ní ká má jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ká má sì jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́. Àwọn tó ń jẹ ẹja àrọ̀ pọ̀ nínú àwọn tó ń lé obìnrin síta, àwọn ẹlẹ́ja wa mọ̀ wọ́n ní oníbàárà. Jésù ní tirẹ̀, nígbà tí obìnrin tó ti ń sun ẹ̀jẹ̀ fún ọdún méjìlá gbá aṣọ rẹ̀ mú láàárín èrò, kò ní o ti sọ mí di aláìmọ́. Ó pè é ní ọmọbìnrin. Ìyẹn ti tó àlàyé fún wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÌYÁLỌ́JÀ WA

Àwọn tó lọ sí ìdúpẹ́ wa lọ́dún tó kọjá kò tíì gbàgbé. Ṣọ́ọ̀ṣì náà, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ la wọ̀, gèlè wa tò lọ rẹrẹ. Ìgbá owó mẹ́rin ni wọ́n gbé kiri, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kún. Ìyálọ́jà wa ti kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ìjọ sọ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni, àti ẹ̀bẹ̀ lórí àwọn opó tí àwọn ará ilé ọkọ kó lẹ́rù. Nígbà tó kàn án, wọ́n ní kó má dé ibi àga ìwàásù, pé obìnrin kì í débẹ̀, kó dúró nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń to àga sí. Wáyà maikirofóònù kò gùn dé ibẹ̀. Ìdajì ìjọ kò gbọ́ ohun tó sọ nípa àwọn opó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olóṣèlú kan tó wá bá wa dúpẹ́, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìjọ náà, gun orí pẹpẹ, ó gba maikirofóònù, ó sì sọ bí òun yóò ṣe la gọ́tà iwájú ọjà. Gọ́tà náà ṣì wà bó ṣe wà.

Pásítọ̀ ìjọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí àwọn aṣojú wa lọ bá a, ó gbà wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ní Jésù yan àpọ́sítélì méjìlá, gbogbo wọn ọkùnrin, nítorí náà ibi pẹpẹ, ti ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn rere ló sì dì í mú. Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú wa, tó ń ta ata, wá bi í pé, "Bàbá, ṣé ará Ìjẹ̀bú wà nínú àwọn méjìlá náà?" Bàbá ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbá ńkọ́?" Bàbá ní Júù ni gbogbo wọn. Ó ní, "Báwo wá ni ẹ̀yin ṣe débẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. A ṣì ń retí èsì.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló rí bákan náà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nílẹ̀ wa ti ń fi obìnrin joyè alùfáà tipẹ́. Ìjọ Foursquare, tó dé Nàìjíríà ní 1955, obìnrin ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1923, Aimee Semple McPherson. Ìjọ Kátólíìkì kì í fi obìnrin ṣe fádà, àwọn sísítà ló ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ti Áńgílíkà ló ní ìtàn nínú. Ní 1993, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Kwara fi obìnrin mẹ́ta jẹ díákónì, àwọn aláṣẹ ìjọ sì sọ pé òfo ni ohun tó ṣe. Oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn náà, ní March 1994, Áńgílíkà ti ìlú òyìnbó fi obìnrin jẹ àlùfáà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Bristol. Ní October 2025, wọ́n kéde Sarah Mullally pé òun ni yóò jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, obìnrin àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́wọ́ láti ìgbà tí ipò náà ti wà. Nọ́ọ̀sì ni kó tó di àlùfáà. Àwọn olórí Áńgílíkà nílẹ̀ wa sọ gbangba pé àwọn kò fara mọ́ ọn.

A kò sọ pé kí gbogbo obìnrin di àlùfáà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ, wàhálà ọjà ti tó. Ohun tá à ń sọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dá owó símẹ́ńtì, kó mọ bí wọ́n ṣe ná an. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé maikirofóònù fún un. Opó tó bá mú ẹjọ́ wá sí ìjọ, kó rí obìnrin nínú àwọn tí yóò gbọ́ ọ, nítorí nǹkan wà tí opó kò lè sọ lójú ọkùnrin méje. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ogún ló ti bàjẹ́ báyìí, gbogbo wa la mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà aláṣọ lọ́jọ́sí, tó jẹ́ pé kí ìyá náà tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀, wọ́n ti ta ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, kò sì ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin kan wà nínú ìjọ tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń ti obìnrin ẹgbẹ́ wọn ṣubú. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin bá dìde láti gbàdúrà, wọn yóò ní ó fẹ́ kí ọkùnrin rí òun. Bí wọ́n bá yan obìnrin sí ìgbìmọ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ta ni ín, kí ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Irú wọn kò wọ́n nínú ọjà náà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é ní gbangba.

Ìpàdé gbogbogbò wa yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ ìdúpẹ́ yóò mú orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wá, ẹgbẹ́ yóò sì dìbò yan ọ̀kan fún ìdúpẹ́ ọdún yìí. A ti sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ibi tí Ìyálọ́jà yóò dúró sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò ka owó ìdúpẹ́, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ní ti owó páànù tí ṣọ́ọ̀ṣì ọdún tó kọjá ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó ṣì wà lọ́wọ́ akápò, ọjọ́ ìpàdé náà la ó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ̀yin Àlájà wa, ìbò tiyín náà wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn bí a ṣe ń ṣe é.